Káàdì àwìn l'Amẹ́ríkà: bí a ṣe ń lò ó tí orúkọ ẹni fi ń níyì

Iṣẹ́ owó-orí ni mò ń bá àwọn èèyàn ṣe ní Houston, lágbègbè òpópónà Bissonnet tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Láti oṣù kìíní títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, èrò kì í wọ́n ní ọ́fíìsì mi. Fọ́ọ̀mù owó-orí ló ń gbé wọn wá, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìde, ọ̀rọ̀ á ti bọ́ sórí kírẹ́díìtì. "Àǹtí, onílé ní òun ò lè gbà mí, pé òun ò rí orúkọ mi níbì kankan." "Màmá, àwọn oníná ní kí n kó dípọ́sítì wá kí wọ́n tó tan iná fún mi." "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èlé tí wọ́n gbé lé mọ́tò yìí." Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi owó sọ ọ́. Mọ́tò 20,000 dọ́là tí ẹ fẹ́ fi ọdún márùn-ún san: bí èlé rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 6 nínú 100 lọ́dún, ẹ ó máa san bíi 387 dọ́là lóṣù. Bí wọ́n bá wo orúkọ yín tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, tí wọ́n wá gbé ìdá 18 lé e, ó di bíi 508. Mọ́tò kan náà ni, ọ̀nà kan náà ló ń gbà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó san án tán, ẹ ó ti fi ohun tó lé ní 7,200 dọ́là kún un. Ní Texas níbí, àwọn adójútòfò mọ́tò àti ti ilé náà láṣẹ láti wo ìtàn àwìn yín kí wọ́n tó dá iye tí ẹ máa san. Owó tí ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru fún ló ń gba ibẹ̀ lọ.

Ibi tí máàkì náà ti ń wá

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá ra aṣọ àwìn lọ́wọ́ àwọn Òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà mọ̀ pé bí ọjọ́ bá pé tí owó ò bá jáde, olówó á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà òun, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. L'Amẹ́ríkà, ẹnikẹ́ni ò ní lóṣòó. Wọ́n á kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni, àkọsílẹ̀ náà á sì wà níbẹ̀ fún ọdún méje, tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí á máa kà á kó tó yá yín lówó tàbí kó tó gbà yín sílé.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yẹn: Equifax, Experian àti TransUnion. Báńkì tó fún yín ní káàdì á máa ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù nípa iye tí ẹ jẹ àti bóyá ẹ san án lásìkò. Láti inú ìyẹn ni wọ́n ti ń ṣírò máàkì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí a ṣe lè fọkàn tán yín tó lórí àwìn, tí wọ́n ń pè ní credit score. Èyí tí àwọn ayánilówó ń lò jù ni FICO, tó ti wà láti 1989. 300 ló kéré jù níbẹ̀, 850 ló ga jù. Bí ẹ bá ti dé 670, wọ́n á ní ó dára. Bí ẹ bá ti kọjá 740, ọ̀wọ̀ yàtọ̀.

Àkọsílẹ̀ tí ẹ ní ní Nàìjíríà kì í bá yín wọ bàálù. BVN yín, báńkì tí ẹ ti ń ná láti bí ogún ọdún, ọ̀gá tó lè jẹ́rìí yín, FICO ò rí ọ̀kankan nínú wọn. Èyí kò sọ pé máàkì yín burú o. Òfo ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó lè ṣírò ohunkóhun fún yín, ó kéré tán àkáǹtì àwìn kan gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́fà lórúkọ yín. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí nọ́ńbà Social Security yín bá dé. Àwọn báńkì kan wà tó ń gba ITIN náà, ìyẹn nọ́ńbà owó-orí tí ìjọba ń fún ẹni tí kò lè gba Social Security, ẹ béèrè.

Owó oṣù yín kò sí nínú ìṣirò yẹn rárá. Nọ́ọ̀sì tó ń gbowó gidi lè ní 580, kí ẹni tó ń bá wọn tọ́jú arúgbó nílé ní 760. Mo ti rí i lójú ara mi, ìwé owó oṣù àwọn méjèèjì wà níwájú mi. Ohun tí FICO ń wò jù ni bí ẹ ṣe ń san gbèsè lásìkò: ìdá 35 nínú 100 nìyẹn. Iye tí ẹ jẹ, tí a bá fi wé gbèdéke tí wọ́n fún yín, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tí ẹ lè ná lórí káàdì, ló tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìdá 30. Ìyókù kéré: ọjọ́ orí àwọn àkáǹtì yín gba 15, àwìn tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá gba 10, bí àwìn yín ṣe jẹ́ oríṣiríṣi gba 10. Bí ẹ bá mú méjì àkọ́kọ́ dáadáa, ẹ ti mú ìdá 65. Nítorí náà, àwọn méjèèjì yẹn ni mo máa dúró lé jù.

Káàdì àkọ́kọ́

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò tíì sí nínú ìwé, kó má lọ máa tẹ "apply" kiri lórí fóònù. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá béèrè àwìn, àmì máa ń wọ àkọsílẹ̀ yín, á sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjì. Ẹ gba káàdì onídìpọ́sítì, èyí tí wọ́n ń pè ní secured card. Ẹ ó kó owó bíi 200 dọ́là sílẹ̀ fún báńkì, wọn á fún yín ní káàdì tí gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ìròyìn tó ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́ta yẹn kò yàtọ̀ sí ti káàdì olówó ńlá. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ̀ ń ránṣẹ́ sí? Ṣé ẹ máa ń gba owó ọdọọdún? Ìgbà wo lẹ máa dá dípọ́sítì mi padà tí káàdì yìí á fi di èyí tí kò ní dípọ́sítì? Bí ìdáhùn àkọ́kọ́ bá jẹ́ rárá, ẹ dìde níbẹ̀.

Ẹ wá wá ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ń rà tẹ́lẹ̀, tí kò lè má ṣẹlẹ̀. Epo mọ́tò. Owó fóònù. Ẹ gbé e sórí káàdì yẹn, kí owó tí ẹ ì bá fi san án dúró sí báńkì yín. Ẹ lọ sínú áàpù, kí ẹ tò ó pé kí wọ́n máa yọ gbogbo gbèsè oṣù náà kúrò nínú àkáǹtì yín fúnra wọn. Áàpù á fẹ́ fi yín sórí "minimum payment", torí òun ni wọ́n máa ń gbé ṣíwájú. Ẹ yí i sí gbogbo gbèsè inú ìwé, "statement balance". Ìyẹn ló máa gbà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe iṣẹ́ òru méjì tẹ̀ léra tí ẹ ò rántí ọjọ́ mọ́.

Ọjọ́ méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pò pọ̀

Ọjọ́ méjì ló wà lórí káàdì. Ọjọ́ kan ni wọ́n ń pa ìwé oṣù dé: wọ́n á ka iye tí ẹ jẹ lọ́jọ́ yẹn, iye yẹn gan-an ni wọ́n sì sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé mẹ́ta wa, Equifax, Experian àti TransUnion. Ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ ti wọlé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2009, tí wọ́n ń pè ní CARD Act, sọ pé ó kéré tán ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ wà láàárín ìgbà tí wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ àti ọjọ́ ìsanwó. Bí ẹ bá san gbogbo rẹ̀ kí ọjọ́ kejì yẹn tó kọjá, ohun tí ẹ rà kò ní èlé rárá.

Ẹ wò ó báyìí. Gbèdéke yín jẹ́ 500. Ẹ ná 450 lóṣù yìí, ẹ sì san gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Ẹ ò jẹ èlé kankan, ẹ ò sì pẹ́. Síbẹ̀ máàkì yín já, ẹ sì ń bi mí pé kí ló dé. Ohun tó dé ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n pa ìwé dé, 450 ni wọ́n rí, ìdá 90 nínú gbèdéke yín. Lójú FICO, ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo ohun tí wọ́n fún un ni yín. Bí ẹ bá ti san 400 níbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó pa á dé, 50 ni wọn ì bá rí, ìdá 10. Ẹ máa gbọ́ pé kí ẹ má kọjá ìdá 30. Èmi ò fara mọ́ kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà nísàlẹ̀ 10, pàápàá bí ẹ bá ń múra láti yá owó ńlá. Ohun tó dára nínú ìdá yìí ni pé kì í pẹ́ tún ṣe: bí ẹ bá san án wálẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fi ìròyìn mìíràn ránṣẹ́, máàkì yín á padà gòkè.

Ti pípẹ́ ni kò rọrùn. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá pẹ̀lú ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, owó ìtanràn ni ẹ máa san, ó sì ń dunni, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé kò tíì gbọ́. Bí ó bá pé ọjọ́ 30, wọ́n á gbọ́, ọdún méje tí mo sọ yẹn á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé òun ti gbàgbé, kó sáré san án lónìí, kó wá pe báńkì, kó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá owó ìtanràn padà. Bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n máa ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Owó tó kéré jù, àti owó lílé

Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé 90 dọ́là péré ni kí ẹ san lóṣù yìí, bẹ́ẹ̀ ẹ jẹ 3,000. Inú yín á dùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí èlé káàdì yẹn bá jẹ́ ìdá 24 lọ́dún, èlé oṣù kan lórí 3,000 jẹ́ 60 dọ́là. Nínú 90 tí ẹ san, 60 bá èlé lọ, 30 péré ló kan gbèsè. Ẹ tún wá ra nǹkan mìíràn lé e. Òfin CARD Act kan náà ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé oṣù yín pé ọdún mélòó ló máa gbà bó bá jẹ́ owó tó kéré jù nìkan lẹ̀ ń san. Ẹ wá àpótí yẹn nínú ìwé yín, kí ẹ kà á sókè fún ọkọ tàbí aya yín.

Wọ́n máa ń sọ fún àwọn èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí gbèsè díẹ̀ ṣẹ́ kù lórí káàdì kí máàkì lè gòkè. Irọ́ ni. Èlé nìkan ló ń gòkè níbẹ̀. Wọ́n tún ní bí ẹ bá ń yẹ máàkì ara yín wò, á máa já. Irọ́ nìyẹn náà. Ẹ wò ó bó bá ṣe wù yín.

Bí ẹ bá ti wọ gbèsè káàdì méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má gé owó sí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ san èyí tó kéré jù lórí gbogbo wọn kí ẹ má baà pẹ́, kí ẹ wá kó gbogbo owó tó bá ṣẹ́ kù lé èyí tí èlé rẹ̀ ga jù lórí. Bí ìyẹn bá tán, ẹ bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e.

Àwọn nǹkan tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbé sórí káàdì: owó lílé, èyí tí wọ́n ń pè ní cash advance, ni àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi káàdì àwìn gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM, wọ́n á gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, èlé á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, láìsí ọjọ́ 21 kankan. Ọ̀pọ̀ báńkì ló sì ka owó tí ẹ bá fi káàdì àwìn ránṣẹ́ sílé sí owó lílé. Mo mọ̀ pé nígbà tí Màmá bá wà ní ọsibítù, ẹnikẹ́ni ò ní dúró ṣírò. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ ní àpótí owó kékeré kan lọ́tọ̀ fún ilé, kó wà ní báńkì yín, kó má jẹ́ káàdì. Aṣọ ẹbí ni èkejì. Bí owó aṣọ ẹbí ò bá sí lọ́wọ́, ẹ wọ èyí tó wà nínú àpótí lọ bá wọn jó. Tíkẹ́ẹ̀tì Èkó ti oṣù Kejìlá náà, ẹ ti oṣù kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó rẹ̀ jọ.

Onígbọ̀wọ́

Èyí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹbí wa níbí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Àbúrò yín fẹ́ ra mọ́tò, wọ́n ní kó mú onígbọ̀wọ́ wá. Lójú tiwa, ẹ kàn ń jẹ́rìí ọmọlúàbí fún un ni. Lójú àwọn akọ̀wé mẹ́ta yẹn, ẹ̀yin lẹ jẹ gbèsè náà, láti ọjọ́ tí ẹ ti tọwọ́ bọ̀wé. Bí ó bá pẹ́, ẹ̀yin lẹ pẹ́. Bí mọ́tò bá sì bàjẹ́, gbèsè kò bàjẹ́. Ẹ má ṣe é àfi bí ẹ bá lè san gbogbo rẹ̀ láìbá a ṣọ̀tá.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ràn án lọ́wọ́ ní tòótọ́, ọ̀nà mìíràn wà tó sàn. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ kún káàdì yín àtijọ́ kan, èyí tí ẹ ti ń san dáadáa, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ẹ fún láṣẹ láti lò ó: authorized user. Ọ̀pọ̀ báńkì á kọ ìtàn káàdì náà sínú ìwé tirẹ̀, láìsí pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ò ní láti fún un ní káàdì náà lọ́wọ́. Ẹ lè tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún tọkọtaya tí ọ̀kan ti dé ṣáájú èkejì nìyẹn, ó sì máa ń ṣiṣẹ́.

Èsúsú àti owó ilé

Ó ń dùn mí pé ẹni tó ti ń dá èsúsú láìpa oṣù kan jẹ ní ọ̀pọ̀ ọdún kò ní àmì kankan lọ́dọ̀ FICO. Ẹ má torí ẹ̀ fi èsúsú sílẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ti ń wá ọ̀nà. Mission Asset Fund ní San Francisco ń ṣètò ẹgbẹ́ èsúsú, wọ́n sì ń fi ìsanwó àwọn èèyàn ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Abbey Wemimo, tó dàgbà ní Èkó, àti Samir Goel dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n sọ ní Esusu. Owó ilé tí ayálégbé ń san lásìkò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Onílé ló máa ń forúkọ sílẹ̀ fún un, nítorí náà ẹ bi ọ́fíìsì ilé yín bóyá wọ́n ń fi owó ilé ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀wé kírẹ́díìtì. Ìbéèrè yẹn ò náni ní kọ́bọ̀.

Àwọn tó ní àwọn á bá yín fọ̀ ọ́ mọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á gba 500 dọ́là lọ́wọ́ yín ṣáájú kí òun tó tún kírẹ́díìtì yín ṣe, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1996 kọ̀ ọ́ fún un láti gba owó kó tó ṣe iṣẹ́ tán. Ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ lè ṣe é fúnra yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá tún ní òun á ta nọ́ńbà mìíràn tí wọ́n ń pè ní CPN fún yín kí ẹ máa lò ó dípò Social Security, ẹ sá. Nọ́ńbà ọmọdé tàbí ti ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ló sábà máa ń jẹ́, ìjọba á sì kà á sí jìbìtì sí yín lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ìwé ìgbélùú yín ò tíì parí, ẹ̀yin ló yẹ kó bẹ̀rù rẹ̀ jù.

Ẹ má fi nọ́ńbà ọmọ yín tan iná, ẹ má fi gba fóònù. Mo ti rí ọmọ tó pé ọdún méjìdínlógún tó fẹ́ yá owó ilé-ìwé, tó wá bá gbèsè lórúkọ ara rẹ̀ láti ìgbà tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.

Ẹ lọ sí AnnualCreditReport.com. Ẹ lè gba ìwé yín lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka orúkọ: àwa tí orúkọ wa gùn, wọ́n máa ń da tiwa pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, pàápàá nígbà tí bàbá àti ọmọ bá jọ ń jẹ́ orúkọ kan. Bí ẹ bá rí gbèsè tí kì í ṣe tiyín, ẹ kọ̀wé ta kò ó, kí ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Wọ́n ní nǹkan bí ọjọ́ 30 láti wádìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ti àkọsílẹ̀ yín pa lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí wọ́n ń pè ní freeze. Láti 2018, ọ̀fẹ́ ni, fún yín àti fún àwọn ọmọ yín. Ẹ ó ṣí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yáwó, ẹ ó tún tì í padà.

Fún ẹ̀yin tí ilé lẹ fẹ́ rà

Lórí ilé 300,000 dọ́là tí ẹ fẹ́ fi ọgbọ̀n ọdún san, ìdá 6.5 jẹ́ bíi 1,896 dọ́là lóṣù, ìdá 7.5 sì jẹ́ bíi 2,098. Ìdá kan péré, ó lé ní 72,000 dọ́là kí ẹ tó san án tán. Nítorí náà, ní nǹkan bí ọdún kan ṣáájú, ẹ yẹ ìwé yín wò, kí ẹ lè rí àyè tún àṣìṣe ṣe. Láti oṣù mẹ́fà ṣáájú, ẹ má gba káàdì tuntun, ẹ má ra mọ́tò, kódà kí ẹni tó ń ta sófà ní kí ẹ gbé e lọ kí ẹ san díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì ti káàdì àtijọ́ yín pa. Bí gbèdéke rẹ̀ bá kúrò, ìdá tí ẹ ná lórí ìyókù á ga. Bí ẹ bá ti ń wá ayánilówó, ẹ lọ bá mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kan náà. FICO á ka gbogbo ìbéèrè wọn sí ẹyọ kan. Ẹ kó ìwé gbogbo wọn sórí tábìlì kan, ẹ wo èlé àti owó tí wọ́n ń gbà nídìí ìwé, kí ẹ mú èyí tó dínwó jù lọ bá àwọn yòókù, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè dín tiwọn sí i.